Lọ́rì Sọ́jà Tó Di Ọkọ̀ Ẹrù: Bí Àwọn Awakọ̀ Mìíràn Yóò Ṣe Máa Rí I

Iṣẹ́ ọ̀gbìn kò parí sínú ebè. Ohun tí a bá kórè, a ní láti gbé e dé ọjà, ibẹ̀ gan-an sì ni ọ̀rọ̀ tí mo mú wá fún yín lónìí wà. Mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwọn lọ́rì ńláńlá àtijọ́ tí ń bá wa kó ẹrù, pàápàá àwọn tí ó ti bá sọ́jà ṣiṣẹ́ rí kí wọ́n tó di ti aráàlú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ni mo fẹ́ sọ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ń gbà lórí àpò kan. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ojú kì í tètè rí àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí lálẹ́, àìtètè rí wọn sì ń pa ènìyàn.

Ẹ mọ irú ọkọ̀ tí mo ń wí. Òun ló ń wọ oko tí ọkọ̀ mìíràn kò lè wọ̀. Inú rẹ̀ ga sílẹ̀, táyà rẹ̀ tóbi, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì lè yí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀, nítorí náà ẹrẹ̀ kì í tètè dá a dúró. Bí òjò bá ti ba ọ̀nà oko jẹ́, òun ló kù tí a lè fi gbé pákí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti pákó jáde. Irú rẹ̀ wà láàrin àwọn agbégilódò tí ń gbé gẹdú láti inú igbó. Ilé iṣẹ́ tí ń ṣe Bedford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣe nǹkan bí 250,000 lọ́rì fún ìjọba wọn nígbà ogun Hítílà, láti 1939 sí 1945. Nígbà tí ogun parí, wọ́n ta ọ̀pọ̀ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fún aráàlú. Bí ọkọ̀ ológun bá ti gbó, gbàǹjo ni wọ́n ń lù ú, ẹni tó bá rà á a sì sọ ọ́ di ọkọ̀ ẹrù. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Irin rẹ̀ ki, ó sì ń pẹ́ láyé.

Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe ọkọ̀ náà. Ọkọ̀ ogun ni. Ẹni tó ṣe é kò fẹ́ kí ọ̀tá rí i. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí kì í dán, kí ó lè jọ igbó tó bá dúró sí. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní bọ́tìnnì kan tó jẹ́ pé bí awakọ̀ bá yí i, gbogbo iná ńlá ọkọ̀ yóò kú, yóò wá ku ìmọ́lẹ̀ tóóró kan ṣoṣo. Nígbà tí ọkọ̀ náà di tiwa, a pààrọ̀ nọ́ńbà rẹ̀, a pààrọ̀ ìwé rẹ̀, ṣùgbọ́n a kò pààrọ̀ ìwà ìfarapamọ́ tí wọ́n dá mọ́ ọn.

Kódà àwọn sọ́jà fúnra wọn mọ̀ pé ẹni tó ń fara pamọ́ fún ọ̀tá kò gbọ́dọ̀ fara pamọ́ fún ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Lákòókò ogun yẹn, àwọn ológun Gẹ̀ẹ́sì a máa fi ọ̀dà funfun kun àárín àsẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn lọ́rì wọn, ibi tó rí roboto bí agbè, wọn a sì gbé gílóòbù kékeré kan síbẹ̀ tí ń tàn sí i lára. Ọkọ̀ òfuurufú tó wà lókè kò lè rí i, ṣùgbọ́n awakọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn ń rí funfun yẹn, ó sì ń fi tẹ̀ lé ti iwájú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, ìjọba pàṣẹ pé kí gbogbo iná ìta kú lálẹ́ kí àwọn tí ń ju bọ́ǹbù má baà rí ìlú. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn nínú òkùnkùn. Ní 1941, àwọn tó kú lójú títì wọn lé ní 9,000, kò sì tíì sí ọdún kan nínú ìtàn wọn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, títí di òní. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n gbé ọ̀dà funfun. Wọ́n fi kun bọ́ńpà ọkọ̀, wọ́n fi kun etí títì, wọ́n fi kun ìdí igi tó wà lẹ́bàá ọ̀nà.

Àwọn àgbà wa ní òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, òun ló dífá fún "ìwọ ta nìyẹn?" Bí lọ́rì ṣe tóbi tó kò já mọ́ nǹkan kan fún òkùnkùn. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọkọ̀ tó ń sá ní 100 kìlómítà láàrin wákàtí kan ń rin nǹkan bí 28 mítà láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú awakọ̀ tó rí nǹkan, kí ọkàn rẹ̀ tó gbà pé lọ́rì ni, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kan bíréèkì, bí ìṣẹ́jú àáyá kan àbọ̀ ti lọ, ọkọ̀ sì ti rin 42 mítà. Kí bíréèkì tó dára tó dá a dúró lójú títì gbígbẹ, yóò tún rin 50 mítà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àpapọ̀ rẹ̀ ti lé ní 90 mítà. Bí awakọ̀ bá sì tẹ iná rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú, iná náà kì í sábà fi ohun dúdú hàn án kọjá 50 mítà. Nígbà tí yóò bá fi rí ẹ̀yìn lọ́rì yín, ààyè àtidúró ti tán. Èyí rí bẹ́ẹ̀ fún awakọ̀ tí ojú rẹ̀ dá, tí kò mutí, tí táyà rẹ̀ sì dára. Ẹ wá fi òjò kún un, tàbí kùrukùru ọyẹ́, tàbí èéfín igbó tí àwa àgbẹ̀ fúnra wa ń sun lẹ́bàá títì. Kò sì dìgbà tí lọ́rì bá dúró: lọ́rì tó di ẹrù gùn òkè, tó ń rá kòrò ní 15 kìlómítà, bí èyí tó dúró ló rí lójú ẹni tó ń sáré bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan wà ní agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n háyà irú lọ́rì yìí láti kó pákí lọ fún àwọn tí ń ṣe gàrí. Àsẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kán lórí òkè kan ní nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́. Kò ní iná ẹ̀yìn, bátìrì rẹ̀ ti kú, ọ̀dà sọ́jà ṣì wà lára rẹ̀ bí wọ́n ṣe rà á. Awakọ̀ àti ọmọ ọkọ̀ já ewé díẹ̀ sí ẹ̀yìn táyà, wọ́n lọ wá mẹkáníìkì. Bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti ọjà wọ abẹ́ lọ́rì náà. Ìyàwó ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yẹn wà lára àwọn tó kú. Ẹ gbọ́ o: ọkọ̀ tí bàálé rẹ̀ bá wọn dáwó háyà ló pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú, lọ́rì náà wà ní àgọ́ ọlọ́pàá títí pákí fi jẹrà lórí rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì tún ń dáwó tí wọn kò dá fún ajílẹ̀.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò wí: "Èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀, kí ló kàn mí?" Ẹ̀yin lẹ ń sanwó. Onílọ́rì tó bá mọ̀ pé ẹgbẹ́ yín kò ní gbé àpò kòkó kan sórí ọkọ̀ tí kò ní iná ẹ̀yìn, yóò wá iná ẹ̀yìn. Èyí tí ẹgbẹ́ bá fi owó ara rẹ̀ rà, ìyẹn kò tilẹ̀ ní àwíjàre kankan.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, èyí tí kò nílò bátìrì, tí kò sì nílò wáyà: téèpù rìfílẹ́kítọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣọdẹ yóò tètè mọ bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ọdẹ bá de iná mọ́rí lóru, tó yíjú sí igbó, ojú ẹtu a máa tàn sí i bí ẹyin iná. Ẹni tó dúró ní ọ̀ọ́kán, tí kò de iná, lè má rí nǹkan kan. Ohun tó fà á ni pé ojú ẹran náà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà tààrà síbi tó ti wá, kò fọ́n ọn káàkiri. Bí téèpù yìí ṣe ń ṣe nìyẹn. Ìlẹ̀kẹ̀ dígí wẹ́wẹ́ tàbí igun kéékèèké ni wọ́n tẹ̀ kún inú rẹ̀. Iná ọkọ̀ tó ń bọ̀ bà á, ó dá a padà sójú ẹni tó wa ọkọ̀ náà. Dípò 50 mítà, awakọ̀ náà yóò ti máa rí i láti 200 mítà, yóò sì rí ààyè ronú.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán an wò. Láti oṣù Kejìlá 1993 ni òfin wọn ti sọ pé tírélà ńlá tuntun gbọ́dọ̀ ní téèpù pupa àti funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lẹ́yìn. Nígbà tí ìjọba wọn tẹ ìwádìí lórí rẹ̀ jáde ní 2001, wọ́n rí i pé níbi tó ṣókùnkùn tí kò sí iná títì, ìkọlù ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ tírélà ti dín kù ní 41 nínú ọgọ́rùn-ún. Ohun kan wà nínú ìwádìí yẹn tó kan àwa tí ń ti oko bọ̀: téèpù tó mọ́ dín ìkọlù ẹ̀yìn kù ní 53 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n èyí tó dọ̀tí kò dín in kù ju 27 lọ. Nítorí náà, kí ọmọ ọkọ̀ tó gba owó oúnjẹ rẹ̀, kí ó bu omi, kí ó fi àkísà nu ẹrẹ̀ kúrò lára téèpù àti iná ní ibi tí ọ̀nà oko ti fẹ́ já sí títì ọlọ́dà. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú. Oríṣiríṣi téèpù dídán ló wà lọ́jà tó jẹ́ pé ẹwà lásán ni wọ́n wà fún. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwo CD tí àwọn ọlọ́kadà ń so mọ́ ẹ̀yìn: bíi dígí ni, àfi bí iná bá bà á gán-ń-gán ni yóò tó dán sí ẹni tó ń bọ̀. Kí ẹ tó rà, ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ. Ẹ gbé téèpù náà sí ibi tó ṣókùnkùn, ẹ rìn sẹ́yìn ní ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀bá ojú yín bí ìgbà tí ọdẹ de iná, ẹ wá tàn án sí i. Bí ó bá jẹ́ ojúlówó, yóò tàn gbòò. Ẹ sọ tọ́ọ̀ṣì náà kalẹ̀ sí ìdí yín kí ẹ tún wò ó, ẹ ó rí i pé ó ti rẹ̀ sílẹ̀. Èyí tí kò bá yàtọ̀ ní ọ̀nà méjèèjì, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á.

Bí a ṣe ń lẹ̀ ẹ́ náà gba sùúrù. Téèpù kì í lẹ̀ mọ́ ìpẹtà, kì í lẹ̀ mọ́ epo, kì í sì pẹ́ lára pákó tí a kò fá. Ẹ fi yẹ́pá ha ibẹ̀, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ó gbẹ dáadáa. Bí ara ọkọ̀ bá jẹ́ pákó, ẹ gé páànù pẹlẹbẹ tóóró, ẹ kàn án mọ́ pákó náà, kí ẹ tó lẹ téèpù mọ́ páànù. Lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ fi pupa, tàbí pupa àti funfun, láti igun kan dé igun kejì nísàlẹ̀, kí ẹ tún fi sí igun òkè méjèèjì, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ bí nǹkan tó wà níwájú rẹ̀ ti fẹ̀ tó, tó sì ga tó. Rìfílẹ́kítọ̀ roboto méjì péré lè jọ ọ̀kadà méjì tí ń lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mo sì mọ awakọ̀ tí yóò fẹ́ gba àárín wọn kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò dandan kí ó lẹ̀ pọ̀ láti orí dé ìdí. Bí ó bá ti bo ìdajì gígùn ọkọ̀, tí ó sì tò lọ ní dọ́gbadọ́gba, ó ti tó. Ẹ má fi pupa síwájú. Funfun ni ti iwájú, pupa ni ti ẹ̀yìn, nítorí àwọ̀ yìí ló ń sọ fún awakọ̀ bóyá ọkọ̀ ń bọ̀ ni tàbí ó ń lọ.

Ọ̀dà ló tẹ̀ lé e. Ọ̀dà kì í tàn bíi téèpù, ṣùgbọ́n ó wúlò lálẹ́, ó sì wúlò lọ́sàn-án pẹ̀lú, nítorí lọ́rì aláwọ̀ ewé tó dúró sábẹ́ òjìji igi lẹ́bàá igbó kò yàtọ̀ sí igbó. Ẹ kun bọ́ńpà iwájú àti ti ẹ̀yìn ní funfun, ẹ kun etí mọ́gáàdì, ẹ kun àárín àsẹ́ẹ̀lì ẹ̀yìn bí àwọn sọ́jà yẹn ti ṣe. Pátákó ẹ̀yìn ni kí ẹ fi ìlà funfun àti pupa dábùú sí. Bí ẹ bá fẹ́ pa gbogbo àwọ̀ ọkọ̀ dà, mo sì gbà yín níyànjú láti pa á dà, ẹ kọ́kọ́ dé ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìwé ọkọ̀, nítorí àwọ̀ ọkọ̀ wà nínú ìwé rẹ̀. Ó máa ń ya mí lẹ́nu pé onílọ́rì tó ní òun kò lówó ọ̀dà funfun ti san owó fún ẹni tó kọ "Kò sọ́ba bí Ọlọ́run" gàdàgbà sí iwájú ọkọ̀, tó ya kìnnìún sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tó sì ya òdòdó yí kìnnìún ká. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kò lè kà á.

Ní ti iná, ohun tí ó máa ń bà á jẹ́ jù nínú ọkọ̀ sọ́jà ni pé púpọ̀ nínú wọn ń lo iná 24 fóòtì, nígbà tí ọkọ̀ kéékèèké ń lo 12. Bí rìwáyà bá ra gílóòbù ọkọ̀ kékeré sí i, lójú ẹsẹ̀ ni yóò jó. Lẹ́yìn tó bá ti jó lẹ́ẹ̀mẹta, onílọ́rì a ní iná ọkọ̀ náà kò ṣeé ṣe, a fi í sílẹ̀. Ó ṣeé ṣe. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí gílóòbù kí ẹ tó sanwó. Èkejì ni wáyà tó so mọ́ ara ọkọ̀. Bí ìpẹtà bá wọ ibẹ̀, iná yóò máa ṣẹ́jú tàbí kí ó pọ́n bí ẹyin iná tó ń kú lọ. Ẹ há ibẹ̀ títí irin yóò fi fara hàn, kí ẹ tó dè é padà. Bí iná iwájú kan bá kú, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀kan ṣì kù. Lọ́rì olójú kan jọ ọ̀kadà lójú ẹni tó ń bọ̀ níwájú, onítọ̀hún kò sì ní ya fún un bí ó ṣe yẹ kó ya fún lọ́rì. Bọ́tìnnì tí ń pa iná ńlá yẹn, ẹ jẹ́ kí rìwáyà yọ ọ́ dànù. Ogun ti parí.

Ẹ tún wo bí inú ọkọ̀ náà ti ga sílẹ̀ tó. Gíga yẹn ló ń mú un la ẹrẹ̀ kọjá, òun náà ló sì ń jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré wọ abẹ́ rẹ̀, tí pákó yóò fi bá ènìyàn lójú kí bọ́ńpà tó kan nǹkan kan. Wẹ́dà lè fi irin tó nípọn ṣe ìdènà sí ẹ̀yìn, tí kò ní ga ju nǹkan bí 55 sẹ̀ńtímítà sílẹ̀. Kí ó fi bóòtù dè é, kí ẹ lè yọ ọ́ bí ẹ bá ń wọ oko, kí ẹ sì dè é padà tí ẹ bá jáde. Ẹ fi ọ̀dà funfun kùn ún, ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹrù tiwa fúnra wa tún lè ba iṣẹ́ jẹ́. Mo ti rí lọ́rì tó ní téèpù àti iná pípé, tí tapólì wá sọ̀ kalẹ̀ bo gbogbo rẹ̀. Ẹ ká tapólì sókè kí ẹ tó dè é. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ń fì lẹ́yìn náà ńkọ́? Gẹdú àti pákó gígùn ló burú jù, nítorí wọ́n ń yọ kọjá ìdí ọkọ̀, iná ẹ̀yìn a sì wà lábẹ́ wọn níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀sán, ẹ so aṣọ pupa mọ́ ìdí èyí tó gùn jù. Bí alẹ́ bá lè bá yín lọ́nà, ẹ so iná pupa tàbí rìfílẹ́kítọ̀ pupa mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má fi àtùpà epo kírósììnì ṣe iná ẹ̀yìn, pàápàá nítòsí táǹkì.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwọn tí lọ́rì wọn ti pẹ́ gan-an. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwa ọkọ̀ lápá òsì, tó bọ́ sí apá ọ̀tún. Lọ́rì ológun Gẹ̀ẹ́sì tó ti wà kó tó dìgbà náà, ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà. Ẹ̀bá igbó ni awakọ̀ rẹ̀ jókòó sí báyìí. Bí ó bá fẹ́ ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, imú lọ́rì rẹ̀ ti dé àárín títì kí ojú rẹ̀ tó rí ẹni tó ń bọ̀. Irú èyí, ẹ fi funfun sí igun iwájú apá òsì ju ibikíbi lọ, kí ọmọ ọkọ̀ tó mọ iṣẹ́ sì jókòó sí apá òsì yẹn. Lójú tèmi, oko ni kí ó ti máa ṣiṣẹ́, kí ó má gun títì márosẹ̀ rárá.

Bí ọkọ̀ bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Láti 1988 tí wọ́n ti dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé kí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní sí-kọ́ṣọ̀n, àmì pupa onígun mẹ́ta yẹn. Ọ̀pọ̀ ló rà á nítorí ẹ̀ṣọ́, ó wà lábẹ́ ìjókòó pẹ̀lú jáàkì. Bí ọkọ̀ bá kú, ẹ kọ́kọ́ gbé e kúrò lójú títì bí ó bá ṣeé gbé. Lẹ́yìn náà, ẹ mú sí-kọ́ṣọ̀n kan, ẹ rìn padà sẹ́yìn ní 100 ìṣísẹ̀, 200 ní títì márosẹ̀, kí ẹ tó gbé e kalẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn kọ́nà tàbí ẹ̀yìn òkè lọ́rì kú sí, iwájú kọ́nà tàbí iwájú òkè náà ni àmì gbọ́dọ̀ wà, níbi tí ẹni tó ń bọ̀ yóò ti kọ́kọ́ dé. Ewé tútù tí a ń já sójú ọ̀nà dára lọ́sàn-án, mo gbà, gbogbo awakọ̀ wa ló mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Lóru, ewé kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan. Ẹ má sun táyà, ẹ má sì tan iná sínú agolo lẹ́bàá ọkọ̀ tó lè máa jo epo.

Òkúta tí ẹ fi dá táyà dúró, tí ẹ sì tò yí ọkọ̀ ká, ẹ kó o kúrò nígbà tí ẹ bá ń lọ. Lọ́rì ti lọ sílé, òkúta ṣì wà láàrin títì. Ọlọ́kadà tó gbé ọmọ iléèwé ni yóò kọ lù ú ní ìdájí. Ẹ gé igi méjì ní onígun, ẹ fi okùn dè wọ́n mọ́ ara ọkọ̀, kí ẹ máa lò wọ́n dípò òkúta.

Ẹ̀yin tí ẹ ní katakata, ọ̀rọ̀ náà kàn yín. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rọ iṣẹ́ àgbẹ̀, Ken Harkness, ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, ló ṣe àmì kan ní nǹkan bí 1962 fún ọkọ̀ oko tí kì í sáré. Onígun mẹ́ta ni, inú rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn tó mú lọ́sàn-án, etí rẹ̀ jẹ́ rìfílẹ́kítọ̀ pupa tó ń tàn lóru. Ó fẹ̀ tó nǹkan bí 40 sẹ̀ńtímítà, orí ṣóńṣó rẹ̀ kọjú sókè, ìdí katakata tàbí tírélà rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹni tó bá rí i ti mọ̀ pé ohun tó wà níwájú òun kò sáré tó 40 kìlómítà. Ẹni tí ń kọ pátákó lè fi páànù, ọ̀dà àti téèpù ṣe èyí tó jọ ọ́ fún yín. Ẹ pààrọ̀ ọ̀dà rẹ̀ tí oòrùn bá ti pa á.

Ní ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ yín tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí ó parí lọ́sàn-án. Kí awakọ̀ gbé lọ́rì náà wá sí ibi tó ṣókùnkùn ní aago méje àbọ̀ alẹ́, kí ó pa ẹ́ńjìnnì àti iná rẹ̀, pẹ̀lú ẹrù àti tapólì lórí rẹ̀ bí ó ṣe máa ń wà. Kí akọ̀wé gun ọ̀kadà, kí ó lọ dúró ní 150 ìṣísẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kí ó tan iná ọ̀kadà sí i, kí ó sì sọ ohun tí ó rí fún gbogbo ẹgbẹ́: ṣé ó rí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣé ó mọ ibi tí ọkọ̀ fẹ̀ dé, ṣé ó tilẹ̀ mọ̀ pé ọkọ̀ wà níbẹ̀? Lẹ́yìn náà kí awakọ̀ tan gbogbo iná, kí akọ̀wé tún wò ó. Ohun tí kò bá rí, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé, kí akápò san owó rẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó tún gbẹ́rù. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìtọ́jú àgbàdo nínú àká ni a ó máa bá yín sọ. Ó dìgbà náà o.